Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ eré-ìje fi í sọ́kàn. Àwọ̀ àti owó ni ọ̀pọ̀ ń wò. Gígùn ẹsẹ̀ oníbàárà ni ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ ń wò. Férémù sẹ̀ǹtímítà 58 kò lè rọ ẹni kúkúrú lọ́rùn: ẹ̀yìn á máa ro ó, ọrùn á gan. Bí pẹ́dà bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù gidi á jẹ́ kí ẹ gùn ún wò, á gbé ìjókòó sókè tàbí sílẹ̀, á sì tún bíréèkì ṣe lẹ́yìn ọjà. Ọlọ́jà tó bá ní kẹ̀kẹ́ kan bá gbogbo ènìyàn mu, ẹ yà fún un.