Sójà Bọ́má àti Ìbéèrè Ògúndá Méjì

Bí sójà bá lọ sógun tí kò bọ̀, ọ̀rọ̀ kan máa ń yá wa lẹ́nu: "Orí rẹ̀ ni kò gbè é." Tí ẹnìkejì rẹ̀ bá bọ̀, a ní orí tirẹ̀ gbè é. Èmi ò rò pé ohun tí Ògúndá Méjì, odù Ifá, bá wa sọ nìyẹn.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, lásìkò ogun Hitler. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n wọkọ̀ òkun lọ sí Íńdíà, wọ́n gba ibẹ̀ dé etí odò Kaladan ní Bọ́má, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, tó jẹ́ pé orí ni àwọn ọmọ ogun wa fi ń ru ẹrù gba inú igbó. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò náà. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn ba Fadoyebo lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, pa mọ́ títí wọ́n fi rí ìgbàlà níparí ọdún náà. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, 2012 ló tó kú.

Ẹni tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò dìde mọ́ ńkọ́? Ṣé olórí burúkú nìyẹn?

Nínú Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá ẹni tó ń sìn ín ròkun láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá rìn títí tó dé Kòso ńkọ́, tí wọ́n rokà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ kalẹ̀? Ó ní bí òun bá yó tán, òun á kọjá sílé òun. Ibi kan náà ni ti Ọya já sí ní Irá, àti ti Ògún ní Ìrè. (Ẹ̀rín máa ń pa mí níbẹ̀: àwọn irúnmọlẹ̀ tí ọbẹ̀ ń dá padà!) Orí nìkan ni kò padà.

Ibẹ̀ la máa ń dúró sí, a ó ṣe àṣẹ, a ó dìde. Ẹsẹ náà ò tíì tán. Ọ̀rọ̀ òkú ló bọ́ sí: bí adósù Ṣàngó bá kú, wọ́n á kó Ṣàngó rẹ̀ dà nù, bí babaláwo bá kú, wọ́n á kó Ifá rẹ̀ dà nù, ṣùgbọ́n a kì í gé orí òkú kúrò lọ́rùn rẹ̀ ká tó sin ín. Inú sàréè gan-an ni Ifá ti mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí kò ní padà lẹ́yìn èèyàn ni Ọ̀rúnmìlà ń wá, kò bèèrè ẹni tí kò ní jẹ́ kéèyàn kú. Orí ẹni tó ṣubú ní Kaladan ò fi í sílẹ̀ lọ jẹun níbì kankan.

Ẹnìkan lè ní bó ṣe yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí, nìyẹn. Ó dáa. Orúkọ tó ń lọ bí 27,000 ló wà lára òpó ìrántí Taukkyan ní Bọ́má, Gẹ̀ẹ́sì, ará Íńdíà, ọmọ Áfíríkà, àwọn tí a ò mọ sàréè wọn. Ṣé gbogbo wọn ló jọ pàdé lọ́dọ̀ Àjàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan? Lójú tèmi, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó kó wọn wọkọ̀ ló yẹ ká bi, òun tó ń san owó fún sójà aláwọ̀ dúdú tí kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹrẹ̀ kan náà.