Ṣé Àkókò Ṣòfò Lórí Abẹ́rẹ́?



Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ rán etí jàlàmíà mi tó tú. Ó ní, "Ústáàsì, télọ̀ wà ní ìta níbẹ̀ yẹn. Ṣé Ọlọ́run kò níí bi wá nípa àkókò wa ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo lè sọ fún un pé Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) a máa rán aṣọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Áíṣà ti ròyìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ nígbà náà, ọmọ yìí yóò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi àgbà ni mo rántí. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á fa òwú náà le kí aṣọ ṣùjọ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí òwú bá ti fún aṣọ pọ̀, aró kò níí ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wọ inú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ń lò.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá wọn tú òwú. Bọ́ọ̀lù ń dúró dè mí. Mo kánjú, abẹ́ gé aṣọ. Wọn kò nà mí. Wọ́n jókòó tì mí pé kí n máa tú ìyókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti gbàgbé bọ́ọ̀lù. Ojú, ọwọ́ àti ọkàn mi wà níbì kan náà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í rí ṣe lórí ìrun pàápàá. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ọ̀lẹ kò tíì tú òwú rí.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ọmọ tó ti jẹun yó ni mí lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ló ń fi abẹ́rẹ́ wá owó oúnjẹ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan ná iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọn dé iye aṣọ ẹ̀rọ, tó sì ń yin ọnà rẹ̀ bó ṣe ń ná an. Wọ́n gbà, nítorí owó ọjà. Bí àkókò kan bá ṣòfò níbẹ̀, ta ni ká bi?

Mo sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fún òun ní abẹ́rẹ́ náà. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta ló rán kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Ó wọ́, n kò tú u.