Fíláàṣì, Ọwọ́ àti Ìyìn

Níbi ìjọsìn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn dùùrù oníná, ti gba ipò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìró tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde lè jẹ́ èyí tí a kó pamọ́ sínú fíláàṣì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń kó fáìlì sí. Ìbéèrè tí èyí bí kì í ṣe ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan: bí ìlù tí ó gbé ìyìn Ọlọ́run ró bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lù sílẹ̀ níbòmíràn, ta gan-an ni ó ń yin Ọlọ́run?

Kíbọ́ọ̀dù ní ìrántí tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ìrántí yìí kì í sábà gba gbogbo ohun tí olórin ń lò, ìdí nìyí tí a fi ń ki fíláàṣì bọ ojú USB rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa ka fáìlì láti ibẹ̀. Ìsopọ̀ yìí ní òfin: bí a kò bá fọ́ọ̀màtì fíláàṣì náà, ìyẹn ni pé bí a kò bá la inú rẹ̀ sí ọ̀nà tí ẹ̀rọ mọ̀, irú èyí tí a ń pè ní FAT32, kíbọ́ọ̀dù lè má rí nǹkan kan kà níbẹ̀, bí a bá sì so háàdì díìsìkì ńlá mọ́ ọn, iná tí ojú USB ń fún un, tí kì í sábà ju mìlíáḿpíà 500 lọ, lè má ká a.

Ẹni tí ó bá wo èyí lè sọ pé ìrántí tí ó wà lóde ara kì í ṣe ti olórin, nítorí náà ìyìn tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àyàn, ìyẹn ẹni tí a bí sí ìdílé onílù, kọ́ ni ó dá oríkì tí ó ń fi dùndún sọ sílẹ̀; ẹnu àwọn baba rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Babaláwo náà kò ṣẹ̀dá ẹsẹ inú odù 256. Ó gbà á lọ́wọ́ olúwo rẹ̀ ni. Bí gbígba ohun tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ bá ń sọ ìyìn di asán, kò sí ìyìn kankan tí yóò kù láyé.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé oríkì àti ẹsẹ Ifá a máa dúró de ènìyàn. Oríkì wà lórí onílù, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá yọ ni yóò dún. Ẹsẹ wà nínú babaláwo, ṣùgbọ́n odù tí ó yọ lójú ọpọ́n ni yóò pè é jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrántí bí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe sá dé Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní 1851, ṣe ń dúró de àwọn alààyè lọ́dọọdún, kí wọ́n jáde fún ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá.

Nínú fíláàṣì kan náà, oríṣi fáìlì méjì ni ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Èkíní ni sítáyì, ìyẹn ìlù àti gìtá tí a tò sílẹ̀ láti máa fi gbe olórin lẹ́sẹ̀. Ìlù rẹ̀ lè máa lọ, ṣùgbọ́n gìtá kò mọ ibi tí orin dorí kọ àfi bí ọwọ́ òsì olórin bá tẹ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀. Èkejì ni orin tí a gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò máa lọ bí ìjọ tilẹ̀ dákẹ́ láti gbàdúrà. Ìta ni méjèèjì ti wá, síbẹ̀ èkíní ń dúró de ọwọ́, èkejì kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun èlò orin, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àníyàn, ìyẹn ohun tí ọkàn pinnu kí ọwọ́ tó ṣe é, ni a fi ń wọn iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ Kristẹni náà sì béèrè pé kí ìjọsìn ti inú ẹ̀mí àti òtítọ́ wá. Kò sí èyí tí ó béèrè ibi tí a kó ìró pamọ́ sí nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ọkàn ẹnì kan wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń dún. Ṣùgbọ́n àìdúró deni kì í ṣe ti fáìlì nìkan: ọwọ́ tí orin kan ti mọ́ lára fún ọdún pípẹ́ lè máa tẹ kọ́ọ̀dù lọ nígbà tí ọkàn ti lọ sí ọjà, olórin bẹ́ẹ̀ sì ti di orin àgbàsílẹ̀ láìsí fíláàṣì kankan lára rẹ̀.