Ta Ni Òfin Ìrun Ń Pè Ní Arìnrìn-àjò?

Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà dé Kotoka ní Accra, nǹkan bí 400 kìlómítà ni, bàálù a sì máa fò ó ní nǹkan bíi wákàtí kan. Aago Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó gbéra láago méjìlá ọ̀sán lè balẹ̀ kó bá aago ibẹ̀ ní méjìlá. Oòrùn kò bá aago ṣe irú eré yẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni ọ̀sán gangan ìlú méjèèjì fi jìnnà síra, oòrùn ni Mùsùlùmí sì fi ń mọ àkókò ìrun.

Láti Satellite Town ní Èkó dé Ìkejà kò tó 30 kìlómítà. Ṣùgbọ́n bí àwọn táńkà tó ń wá rọ epo ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá bá to lọ láti Alákijà títí dé Mile 2, tí dẹ́rẹ́bà paná ọkọ̀, tí ọmọ tó ń kiri píọ̀ wọ́tà ń yára ju mọ́tò lọ, wákàtí mẹ́ta lè kọjá lójú ọ̀nà yìí.

Arìnrìn-àjò ni òfin Ìsìláàmù gbà láyè láti kí Àílà, Alásárì àti Ìṣáì ní rákà méjì dípò mẹ́rin. Lójú ọ̀nà Máàlik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ìrìn máìlì 48 ti ayé àtijọ́, bí 80 kìlómítà, ló ń sọni di arìnrìn-àjò. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọmọlẹ́yìn Abu Hanifah fi wọ̀n ọ́n. Onímọ̀ Ìsìláàmù Ibn Taymiyyah, tó kú lọ́dún 1328, kò wọn ọ̀nà rárá: ohun tí àwọn èèyàn bá ń pè ní ìrìn-àjò ni ìrìn-àjò. Yorùbá pàápàá ti dájọ́ tiwọn. Ẹni tó ń lọ sí Accra là ń sọ fún pé ọ̀nà á re o. Ẹni tó dé láti Ìkejà, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni.

Bó bá jẹ́ pé ìnira ló fa ìdẹ̀rùn yìí, ẹni tó ń làágùn nínú dánfó ló tọ́ sí ju ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú bàálù. Àwọn onímọ̀ dá a lóhùn pé ìnira kò ṣeé wọ̀n. Ohun tó le fún ẹnì kan, eré ni fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà ló ṣeé wọ̀n. Ìdáhùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó tilẹ̀ korò ní Mile 2. Àmọ́ èyí tó jinlẹ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ Umar, sàábé Ànábì. Nígbà tí ẹ̀rù ọ̀tá tí Àlùkùránì dárúkọ níbi tó ti gbà kí wọ́n gé ìrun kúrú ti lọ, ó bi Ànábì pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gé ìrun kúrú. Ìdáhùn tó gbà ni pé sàráà ni, Ọlọ́hun ló ṣe é. Sàráà kì í ṣe owó gbà-má-bínú. A kì í fi bí ìyà ṣe pọ̀ tó wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ìlú parí sí tún kù. Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ìlú rẹ̀ kó tó gé ìrun, ilé sì ń fara kan ilé láti Satellite Town dé Ìkejà. Ẹni tó bá kí rákà méjì nígbà tó ń dúró de bàálù ti kánjú. Bó bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko ní Accra, lójú ọ̀nà Máàlik, rákà mẹ́rin ni yóò máa kí níbẹ̀. Bó bá sì padà balẹ̀ ní Ìkejà, ìrun pé, kódà kí táńkà há a mọ́ Mile 2 di alẹ́.