Ẹni Tó Dalẹ̀ Kọ́ Ló Bá Ilẹ̀ Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Òwe yìí kì í ṣe òwe àwàdà. Bí ẹni méjì bá mulẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n pè ṣe ẹlẹ́rìí náà ni yóò ṣe adájọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹhùn. Ìdí nìyí tí ọ̀dàlẹ̀ fi burú létí Yorùbá ju olè lọ. Ẹrù ni olè ń jí. Ẹni tó fọkàn tán an ni ọ̀dàlẹ̀ ń tà.

Onígbàgbọ́ tó bá fi òwe yìí wo ara rẹ̀, àyà rẹ̀ yẹ kó já. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà ìrìbọmi. Ó tún un jẹ́ nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó jẹ́ òmíràn níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lóru àìsùn ọdún tuntun, nígbà tí aago méjìlá lù tí gbogbo ìjọ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi omijé sọ pé ọdún yìí kò ní rí bí èyí tó kọjá. Kí oṣù Kejì tó parí, ìwà àná ti padà sílé. Ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló máa ń ga jù: "Olúwa, bí O bá gbé mi dìde, ilé Rẹ ni n ó máa gbé." Ara le tán, a ò rí i ní ìpàdé àdúrà mọ́. Bó bá jẹ́ pé òwe àwọn àgbà ń ṣẹ lé wa lórí bó ṣe wà, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ìbá ṣẹ́ ku ẹni tí yóò gbé orin ìdúpẹ́?

Síbẹ̀, a ṣì wà níbẹ̀. Kí ló fà á? Àwọn kan yóò ní aláàánú ni Ọlọ́run. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kúrú. Àánú tí kò bá ka májẹ̀mú sí, ojúsàájú ni. Ohun tí Bíbélì wí jinlẹ̀ ju pé Ọlọ́run gbójú fo ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 15. Ọlọ́run ní kí Ábúrámù mú ẹgbọrọ abo màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò wá, olúkúlùkù ọlọ́dún mẹ́ta, pẹ̀lú àdàbà kan àti ọmọ ẹyẹlé kan. Ábúrámù la àwọn ẹran náà sí méjì, ó tẹ́ ìlàjì kọjú sí ìlàjì. Àwọn ẹyẹ nìkan ni kò là. Ẹni tó bá ka Jeremáyà orí 34 yóò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣe. Láyé ọba Sedekáyà, àwọn ìjòyè Jerúsálẹ́mù fẹ́ dá àwọn ẹrú wọn sílẹ̀, wọ́n la ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n sì gba àárín rẹ̀ kọjá láti fi dá májẹ̀mú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ohùn padà, tí wọ́n tún kó àwọn èèyàn náà padà sóko ẹrú. Ọlọ́run ní bí wọ́n ti ṣe ọmọ màlúù yẹn ni a ó ṣe àwọn náà. Ẹni tó bá gba àárín ẹran kọjá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró ni: bí mo bá yẹ̀, kí n dà bí èyí. Ìmùlẹ̀ ni, kò yàtọ̀ sí tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, oorun àsùnwọra gbé Ábúrámù lọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí ilẹ̀ ṣú, ìkòkò iná tó ń rú èéfín àti ògùṣọ̀ tó ń jó ló gba àárín àwọn ẹran náà kọjá. Ábúrámù kò kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo, Ọlọ́run, ló mulẹ̀ fún ẹni méjì. Ọlọ́run kò sì ṣe é láìmọ irú ẹni tó ń bá dá májẹ̀mú. Ọkùnrin yìí ti pe aya rẹ̀ ní arábìnrin ní Íjíbítì nítorí ẹ̀rù; yóò tún pè é bẹ́ẹ̀ ní Gérárì lẹ́yìn májẹ̀mú yìí.

Orí àgbélébùú ni onígbàgbọ́ ti rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ òkú kan kalẹ̀ láti orí igi, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ibojì olóhun, wọ́n yí òkúta dí i. Òwe àwọn àgbà kò yẹ̀, ilẹ̀ gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dalẹ̀ kọ́ ló bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló lọ, ilẹ̀ kò sì lè dá A dúró. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi lè kọ̀wé sí Tímótì, nínú lẹ́tà kejì, orí 2, ẹsẹ 13, pé àìṣòótọ́ tiwa kò lè sọ Olúwa di aláìṣòótọ́, nítorí kò lè sẹ́ ara Rẹ̀.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mọ àṣírí yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1755, John Wesley, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Faransé ní Spitalfields, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, láti tún májẹ̀mú wọn dá pẹ̀lú Ọlọ́run. Nígbà tí míṣọ́nnárì wọn, Thomas Birch Freeman, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ìjọ tó ní irú àṣà yìí ló mú wá. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìjọ wọn ń ṣe ìsìn májẹ̀mú níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ rò ó wò: bí májẹ̀mú náà kò bá tíì yẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ni wọ́n ń tún dá lọ́dọọdún? Ìjọ tó bá dìde láti tún májẹ̀mú dá ti jẹ́wọ́ pé òun bà á jẹ́ lọ́dún tó kọjá, àti pé Ẹni kejì ṣì ń dúró de òun. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ohun tó yẹ ká kọ́ ni bí a ṣe ń padà. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ bí a ṣe ń jẹ́jẹ̀ẹ́; bí a ṣe ń padà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ́ bá bàjẹ́ ni kò yé wa. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Méjèèjì ni ẹni tó ń padà gbọ́dọ̀ ṣe. Kó wo iwájú sí Ẹni tó lè gbé e dìde, kó sì bojú wẹ̀yìn wo ohun tó gbé e ṣubú.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí à ń ṣe ni pé a máa ń fi ẹ̀jẹ́ tuntun bo ẹ̀jẹ́ àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta parí yóò ní òun máa gba ogójì. Ẹni tó jẹ gbèsè lọ́wọ́ olówó èlé, tó lọ yá òmíràn láti fi san án, gbèsè rẹ̀ kò dín, orúkọ olówó ló yí padà. Ẹ wo Pétérù. Níbi oúnjẹ alẹ́, ó búra pé òun ṣe tán láti bá Olúwa kú. Kí àkùkọ tó kọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú nínú àgbàlá olórí àlùfáà, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin kan bi í ní ìbéèrè, ó ní òun kò mọ̀ Ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́. Lúùkù sọ fún wa pé Jésù yíjú padà, ó wo Pétérù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú yẹn ló mú un jáde lọ sunkún.

Lẹ́yìn àjíǹde, ní etí òkun Tìbéríà, iná èédú mìíràn tún ń jó, ẹja àti búrẹ́dì wà níbẹ̀. Jésù kò béèrè ìdí tó fi sẹ́ Ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun. Ohun tí Pétérù kò sọ níbẹ̀ ló yẹ ká fi sọ́kàn: kò tún búra mọ́. Kò ní òun yóò kú fún Un. Ohun tó tẹnu mọ́ kò ju pé Olúwa mọ̀ pé òun fẹ́ràn Rẹ̀. Jésù fúnra Rẹ̀ ló wá sọ fún un irú ikú tí yóò kú. Ẹni tó ń padà kò nílò ẹ̀jẹ́ tó tóbi ju ti àná. Ó nílò òótọ́ tó kéré, tó sì lè dúró lé e lórí.

Ìkejì ni ẹni tí a padà sí. Júdásì náà kábàámọ̀. Ó kó ọgbọ̀n owó fàdákà padà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ló lọ, wọ́n sì ní èwo ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń ṣe bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀, ẹjọ́ ìjọ ni wọ́n ń rò, ìtìjú ojú èèyàn ni wọ́n ń sá fún, wòlíì tí yóò sọ ohun tí wọ́n máa rà wá ni wọ́n ń wá kiri. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ni wọn kì í yà lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Ìkẹta, ká pe ẹ̀ṣẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí wòlíì Nátánì tọ ọba Dáfídì wá lórí ọ̀rọ̀ Bátíṣébà àti Ùráyà, ọba kò sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, kò ti ẹ̀bi sí obìnrin náà lọ́rùn. Ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Sáàmù 51, tí àkọlé rẹ̀ so mọ́ àkókò yìí, fi hàn pé Dáfídì mọ̀ pé ẹran ẹbọ kọ́ ni yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbo ẹran kò wọ́n ọba. Ọlọ́run dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un kú, idà kò sì kúrò ní ilé Dáfídì; Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ lé e kúrò láàfin. Ìdáríjì kì í pa èso ìwà wa rẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi ti òsì fà á mọ́ra. Kò sí ibi tí òwe náà ti ní kí ọwọ́ ọ̀tún má ṣiṣẹ́.

Ìkẹrin, ká san ohun tó ṣeé san. Oníwàásù ní ó sàn kéèyàn má jẹ́jẹ̀ẹ́ rárá ju kó jẹ́ ẹ kó má san án lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí páànù fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, kó rà á. Bí agbára bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Léfítíkù orí 27 ti là á sílẹ̀ pé bí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá tòṣì ju iye tí a dá lé e lọ, kí àlùfáà dá iye tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká. Òfin náà kò ní kó sá kúrò nínú ìjọ. Èyí tó jẹ́ ti ọmọnìkejì wa tún le jù. Ìwé Númérì orí 5 ní kí ẹni tó rẹ́ ẹlòmíràn jẹ dá ohun náà padà pẹ̀lú ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Jésù ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ká kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa làjà. Akápò tó jẹ owó ẹgbẹ́, tó wá jó wọlé lọ́jọ́ ìkórè pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti màlúù, kò tíì padà. Ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹnì kan lè wá ní, bí Ọlọ́run kò bá ní kọ̀ wá, kí ló dé tí a ò fi máa bá a lọ? Pọ́ọ̀lù ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ó sì dá a lóhùn nínú Róòmù orí 6 pé ká má rí i. Ẹsẹ tó ṣáájú èyí tó kọ sí Tímótì náà sọ pé ẹni tó bá sẹ́ Olúwa, Olúwa náà yóò sẹ́ ẹ. Pétérù sẹ́, ó sunkún, ó padà. Ẹni tó sẹ́, tó sì jókòó síbẹ̀ láti máa jẹun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó bá fi òdodo Ọlọ́run ṣe ààbò fún ìwà àìdáa, oore náà ló ń jí.

Ó ku bí a ṣe ń ṣe sí àwọn mìíràn tó bá ṣubú. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ohun tí Ọlọ́run wí nípa Éfúráímù nínú Hóséà orí 11 nìyẹn: Òun ló kọ́ ọmọ náà ní ìrìn, báwo ni Òun yóò ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀? Wòlíì Hóséà fúnra rẹ̀ ti fi ṣékélì fàdákà 15 àti ọkà báálì ra obìnrin tó ń ṣe panṣágà padà, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti pa á láṣẹ. Ìjọ tó ń jẹ àǹfààní irú ìfẹ́ yìí ni à ń rí tí ń mú ọmọbìnrin tó lóyún jókòó sẹ́yìn, tí kò sì sí ẹni tí ń béèrè ibi tó wọ̀ sí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìbáwí ní àyè tirẹ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì bá ẹnì kan wí, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kejì, Pọ́ọ̀lù ní ó ti tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì. Nítorí náà, ìjọ tó bá mú ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, kó dá ọjọ́ tí yóò padà síwájú lójú rẹ̀, kó sì yan ẹni tí yóò máa yà sílé rẹ̀, tí yóò máa bá a jẹun, títí ọjọ́ náà yóò fi pé.