Àká Ẹ̀yìnkùlé: Ta Ni A Kọ́ Ọ Fún?

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:33–57, Nehemáyà 13:4–13, Lúùkù 12:16–21

 

Àwa tí a wá kàwé ní Òkè Ọya ti rí àká alámọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Haúsá ń kọ́ sínú agbo ilé wọn, tó dúró lórí òkúta, tó sì dé fìlà koríko. Ní ọ̀pọ̀ ilé tiwa, pákó la fi ń kọ́ ọ. A ó gbé òpó dúró, a ó kan pákó mọ́ ọn, a ó fi páànù bò ó, ó di àká ẹ̀yìnkùlé. Àgbàdo, ẹ̀wà, ọkọ́ àti àdá, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n Bíbélì kò fojú kékeré wo àká. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun mẹ́ta wò nípa rẹ̀.

Èkínní: àká gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tó dára. Bi káfíńtà léèrè, yóò sọ fún ọ pé ìsàlẹ̀ ni àká pákó ti sábà máa ń bàjẹ́. Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń gòkè wá. Yóò fi amọ̀ la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó, yóò sì máa jẹ igi náà láti inú. Lójú, òpó ṣì dúró. Fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń gbé òpó lé orí búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, tó sì ń fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kí eku má baà gùn ún. Ohun tí a kó sínú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa yóò bu. Kòkòrò àgbàdo a sì máa yé ẹyin sínú hóró, ọmọ rẹ̀ a dàgbà níbẹ̀ kí a tó rí ihò kankan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń wó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣe ìjì. Irọ́ kékeré tí a fi gba máàkì, owó ẹgbẹ́ tí a yá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí a ń wò lórí fóònù ní òru: ọ̀nà ikán ni wọ́n. Má dúró títí òrùlé yóò fi já. Lọ wo ẹsẹ̀ àká rẹ.

Èkejì: àká ní ẹni tí a kọ́ ọ fún. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 kò jalè. Ilẹ̀ rẹ̀ ló so èso púpọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ènìyàn ń kọ́ àká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀: gbogbo rẹ̀ ni "tèmi, tèmi". Ara rẹ̀ nìkan ló bá gbìmọ̀, ara rẹ̀ nìkan ló sì fẹ́ kọ́ ọ fún. Ní òru ọjọ́ náà, Ọlọ́run pè é ní aṣiwèrè.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Ẹni 30 ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a mú ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè fún ọdún 7 ọ̀pọ̀. Oúnjẹ oko tó yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, inú ìlú náà ló kó o pamọ́ sí. Nígbà tí ìyàn dé, ó ṣí gbogbo àká. Kódà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n tà á jẹ nínú rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ yẹn fẹ́ kọ́ àká, Jósẹ́fù náà kún àká. Ilẹ̀kùn ni ìyàtọ̀ wọn wà: ti ẹnì kan wà fún títì, ti ẹnì kejì wà fún ṣíṣí.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, a a fi ọwọ́ bò ó jẹ. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun rere là ń kéde. Ṣùgbọ́n iṣu bíbò kò ní kí ẹni tó jókòó tì ọ́ fi ebi sùn.

Ẹ̀kẹta: kí ló wà nínú àká wa? Ní Nehemáyà 13, àlùfáà tó ń bójú tó àwọn yàrá ilé Ọlọ́run fún Tòbáyà ní yàrá ńlá kan tí wọ́n ń kó ọrẹ àti ìdá mẹ́wàá sí tẹ́lẹ̀. Ilé kò wó, ilẹ̀kùn kò fọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Nehemáyà tún rí i pé àwọn ọmọ Léfì àti àwọn akọrin kò rí ìpín wọn gbà. Oníkálùkù ti sá padà sí oko rẹ̀. Bíbélì kò sọ pé wọ́n kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Oúnjẹ ni kò sí.

Ará, ibi tó kàn wá gan-an nìyí. Lẹ́yìn ilé ìpàdé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, yàrá pákó kan wà tí a ń pè ní sítọ́ọ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Àga tó ti kán, sípíkà tó ti kú, báńà ọdún tó kọjá. Arákùnrin tó ń lùlù fún wa kò wá mọ́, a ní ó ti di ọ̀tútù. Bóyá gàrí ló tán nílé rẹ̀. Arábìnrin kan kò wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ní ayé ti gbà á. Bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe nírọ̀lẹ́ láti fi san owó ilé ìwé. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní apẹ̀yìndà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó jẹun.

Nehemáyà kó ẹrù Tòbáyà síta, ó ní kí wọ́n wẹ yàrá mọ́, ó pe àwọn ọmọ Léfì padà, ó sì yan àwọn olóòótọ́ láti máa pín oúnjẹ fún àwọn ará wọn. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé kan ṣoṣo. Ẹ kó ohun tó ti kú jáde. Ẹ pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀, kó mú kóńgò gàrí tàbí ẹ̀wà kan dání. Ẹ fún ẹni méjì tí kì í tú àṣírí ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tí ebi ń pa lè gbà láìsí ìtìjú. Ẹ sì máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé ó dìgbà tó bá pọ̀. Ìyàn kì í kọ lẹ́tà kó tó dé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ 4 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì kọ́kọ́ kéde. Oṣù 8 ló gbà. Ọmọ tó fún Jésù ní búrẹ́dì 5 àti ẹja 2 kò ní àká rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣí, agbọ̀n 12 ló sì ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, yẹ ìpìlẹ̀ wa wò, kó ẹrù Tòbáyà kúrò nínú ọkàn wa, kí o sì fún wa ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Mú àwọn ará wa tí ebi ti lé lọ padà wá, kí o sì jẹ́ kí wọ́n bá oúnjẹ nílé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.