Bí A Bá Pàdé Àgbákò

Lókè òkun, àwọn olólùfẹ́ fíìmù adẹ́rùbani máa ń péjọ, wọ́n á tò kí wọ́n lè ya fọ́tò pẹ̀lú òṣèré tó gba oorun lójú wọn. Àwa ọmọ Ìbàràpá ńkọ́? Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, bí òṣèré bá yọ lóde ìnáwó, àwa náà á sáré yọ fóònù. Ṣùgbọ́n orúkọ wo la máa ń pè é?

Charles Olúmọ lo ọdún 101 kó tó kú ní 2024. Àgbákò la mọ̀ ọ́n sí. Òjó Arówóṣáfẹ́ tó kú ní 2023, Fádèyí Olóró ni. Ẹni tó kàgbákò, ẹkún ló ń sun. Àwa rí Àgbákò, à ń yọ̀!

Àpọ́nlé ni, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn kan ṣì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Eégún ní ẹ̀kú. Bó bá bọ́ ọ, ó di aládùúgbò wa. Òṣèré ò ní ẹ̀kú. Ojú tó fi ṣeré náà ló ń gbé lọ ọjà. Àwa òǹwòran ló kù tó lè bá a bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ká tó ní kí wọ́n pọfọ̀ fún wa.